Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìlú tí Káàdì Ọmọ ti Di Ti Ìyá

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ mú yín rin ìrìn-àjò kékeré kan lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sí ìlú kan tí kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ tí a ṣe níbẹ̀ ti wọ ilé àìmọye ìyá káàkiri ayé. Orúkọ ìlú náà ni Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ìsọmọlórúkọ kan ni ó gbé mi dé Iléṣà. Nígbà tí a ti parí àdúà, tí a sì ti jẹ, tí a ti mu, mo rí i pé ọjọ́ kan ṣì kù fún mi kí n tó padà sí ìdí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí wa. Ní ọjọ́ kejì, bí a ti kírun àsùbáà tán, mo lọ wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ti Iléṣà ń lọ yóò gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kọjá, yóò dé Ẹ̀sà-Òkè, kí ó tó kan Ìmẹ̀sí. Bí a ti ń súnmọ́ ibẹ̀ ni òkè ń yọ sí wa lọ́tùn-ún lósì, igi bo àwọn kan, àpáta sì yọrí lára àwọn mìíràn. Kùrukùru òwúrọ̀ kò tíì kúrò lórí wọn. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù débi pé mo fa etí fìlà mi wálẹ̀.

Àwọn tí ó ka ìtàn ilẹ̀ wa kò ní gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀sí kí wọ́n má rántí ogun Kírìjí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ balógun wọn. Àwọn Ìbàdàn sì tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà á, ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ogun mìíràn tún wà tí a jà ní Ìmẹ̀sí nígbà tí ìyẹn ti di ìtàn. Àwọn ìyá ni wọ́n jà á, kò sì sí ìbọn níbẹ̀. Ogun ikú ọmọ wẹ́wẹ́ ni, òun sì ni mo bá dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1956 ni dókítà òyìnbó kan tí a ń pè ní David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀. Lónìí ó ti di ara ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì ti rù kan eegun. Dókítà yìí wò ó títí, ó rí i pé àwọn ohun tí ń pa wọ́n kì í ṣe ohun àjèjì: ibà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, ikọ́ ni, èèyi ni, àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ lẹ́yìn tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó rí i pẹ̀lú pé bí ọmọ bá fi dé ilé ìwòsàn ńlá, àkókò ti lọ. Láti ilé ni ó yẹ kí a ti rí àrùn náà.

Nítorí náà ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí ní ìlú náà, láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún 5. Wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú kan fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ọmọ tí ara rẹ̀ yá àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, wọn a wà pọ̀ níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àwọn ìyá sì ń jókòó ti ara wọn, wọ́n ń wo ọmọ ara wọn.

Níbẹ̀ ni káàdì tí mo ń sọ ti jáde. Wọ́n ya ìlà méjì sí ojú rẹ̀, tí ó ń gòkè lọ bí ọ̀nà orí òkè, oṣù ọjọ́ orí ọmọ sì wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọ̀n ọmọ, nọ́ọ̀sì yóò sàmì kékeré kan sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé ní oṣù náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, yóò tún sàmì mìíràn. Bí àmì wọ̀nyí bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí wọ́n bá dúró sí ojú kan náà, tàbí tí wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Ìlera ni wọ́n pe ìlà náà. Wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ lára káàdì láti kọ ohun tí ó lè mú kí ọmọ kan nílò ìtọ́jú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bí ó bá jẹ́ ìbejì, tàbí tí bàbá rẹ̀ ti kú, tàbí tí ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ rí.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé dókítà yìí kò kó káàdì náà sínú àpótí ilé ìwòsàn. Ó fi sínú ọ̀rá, ó fún ìyá ọmọ kí ó máa mú un lọ sílé. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ní àwọn ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá pa á mọ́ ju bí ilé ìwòsàn ti ń pa ìwé mọ́ lọ. Ẹni tí ó mọ ibi tí ó fi ìdodo ọmọ rẹ̀ sí, ṣé ó lè gbàgbé ibi tí ó fi ìwé ọmọ rẹ̀ sí?

Èèyi tún jẹ́ ọ̀tá ńlá nígbà náà. A máa pa ọmọ, a sì máa fi èyí tí kò pa sílẹ̀ ní rírù. Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi, bá Morley ṣiṣẹ́ ní apá Iléṣà yìí láti dán abẹ́rẹ́ náà wò, kí Amẹ́ríkà tó gbà á fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1963. Nígbà tí a fi ìṣirò ìkú ọmọ ní Ìmẹ̀sí wé ti ìlú tí kò ní irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, a rí i pé ikú ọmọ dínkù gidigidi ní Ìmẹ̀sí. Morley padà sí London ní ọdún 1961, ṣùgbọ́n káàdì náà kò dúró lẹ́yìn. Ó tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ní ọdún 1982 ni wọ́n fún Morley ní Ẹ̀bùn Ọba Fáísà ti ilẹ̀ Sáúdí Arébíà nítorí iṣẹ́ ìlera yìí. Ẹ wo bí ohun tí a bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ìyá olóko ṣe rìn títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá.

Ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ni mo bá pàdé. Àwọn obìnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan lo ìbòrí, àwọn kan wé gèlè, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ àti káàdì rẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó láàárín wọn, Yèyé ni gbogbo wọn ń pè é gẹ́gẹ́ bí àṣà Ìjẹ̀ṣà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó gbé wá nígbà kan, láti ìgbà náà kò ṣíwọ́ wíwá mọ́. Ó sọ fún mi pé ìyá òun ní wọ́n wọ̀n òun náà nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́, nígbà àwọn òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aáfà, ẹ wò mí, mo gòkè, mo sì ti ń sọ̀ báyìí."

Ìyàwó kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó la ẹnu.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ti pé oṣù 14, kò tíì rìn."

"Ǹjẹ́ ó ń dìde dúró?"

"Ó ń di àga mú dúró, mà. Ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn."

"Ta ni ó wá ní kò ní rìn?"

"Obìnrin tí a jọ ń gbé ilé ni. Ọmọ tirẹ̀ rìn ní oṣù 9. Bí ó bá ti rí wa, yóò ní, 'Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò ha ti kú bí?' Bàbá ọmọ kò sí nílé, ìyá rẹ̀ sì ní kí a lọ sín in ní gbẹ́rẹ́ lórúnkún. Oorun kò kun ojú mi mọ́, Yèyé."

Yèyé na ọwọ́, ó ní, "Mú káàdì rẹ wá, ìyàwó wa." Ó gbà á, ó fi ìka tọ àwọn àmì náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ọmọ ilé kéú ti í fi ìka tọ wàláà. "Ṣé o rí i? Ó ń gòkè. Kò sí oṣù kan tí ó dúró. Ọmọ rẹ ń bọ̀ lọ́nà tirẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án lórúnkún." Nọ́ọ̀sì tí ó wà nídìí òṣùwọ̀n gbọ́, ó wá wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì fi kún un pé bí ó bá pé oṣù 18 tí kò tíì rìn, kí ìyá rẹ̀ gbé e wá kí dókítà wò ó, ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, kí ó fọkàn balẹ̀.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yìí sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ara wọn le ní ilẹ̀ 5, Gánà àti Oman wà lára wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan ń dá rìn ní nǹkan bí oṣù 8, àwọn mìíràn kò rìn títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pé oṣù 18, gbogbo wọn sì dára. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò rákòrò rárá kí wọ́n tó dìde. Ìka kò dọ́gba.

Bí a ti ń sọ èyí lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan ń sáré kiri láàárín wa. Oṣù 13 ni. Ó ń rìn, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fa agbádá mi, gbogbo àwọn obìnrin sì ń yìn ín. Inú ìyá rẹ̀ dùn. Nígbà tí ó kan án, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, nọ́ọ̀sì sàmì sí káàdì rẹ̀, ó sì dákẹ́. Yèyé náà na ọrùn wò ó. Oṣù 3 ni àmì ọmọ náà ti wà lójú kan.

Ìyá rẹ̀ ní, "Sísáré ni ó ń sá púpọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sanra."

Nọ́ọ̀sì bi í ní ohun tí ọmọ ń jẹ. Ẹ̀kọ ni láàárọ̀, ẹ̀kọ ni lálẹ́. Wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú nítorí pé oyún mìíràn ti dé. Kò jẹ ẹyin, nítorí wọ́n ní ẹyin a máa sọ ọmọ di olè. Kò sí ẹni tí ó bú u. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ẹ̀kọ nìkan kò lè gbé ọmọ ró; kí ó máa lọ ẹ̀pà tàbí kí ó máa se ẹ̀wà sí oúnjẹ rẹ̀, kí ó fún un ní ẹyin àti ẹja, kí ó sì gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, ó ní ọ̀wọ́n gógó ti dé bá ẹyin àti ẹja.

Nígbà náà ni ìyàwó kékeré tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a bi í. Ó ní, "Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni mo ń tà, màmá. Ilé mi kò jìnnà sí tiyín. Ẹ máa rán ènìyàn sí mi láràárọ̀, ti ọmọ kò ní wọ́n wa." Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe mọ́ínmọ́ín. Mo wò wọ́n bí wọ́n ti jọ jáde, èkíní ń bi èkejì ní ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnu àdúgbò ni a fi wọ̀n àwọn ọmọ méjèèjì, ọmọ tí ó ń sáré ni a ó yìn, èyí tí kò rìn ni a ó káàánú. Káàdì ni ó sọ ibi tí ewu wà. Kì í bi ìyá bóyá ọmọ rẹ̀ ju ti aládùúgbò lọ. Ohun tí ó ń bi í ni bóyá ọmọ náà ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rí ní oṣù tí ó kọjá lọ. Bí a bá lè fi ìbéèrè yìí rọ́pò "ọmọ tèmi ti ṣe é," àtàrí ọ̀pọ̀ ìyá yóò fúyẹ́.

Síbẹ̀ káàdì kò tó. Bí kò bá sí Yèyé, bí kò bá sí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jọ jókòó sí, ta ni ìyàwó kékeré náà ìbá sọ̀rọ̀ fún? Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa ni ó ń tọ́ ọmọ nínú yàrá kan ní ìlú ńlá, ìyá kò sí nítòsí, ọkọ ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Káàdì wà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpótí ni ó wà, a kì í mú un jáde àfi ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá sunkún lóru, òun nìkan ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa ro oríṣiríṣi nǹkan.

Mo rò pé ẹ̀yin ẹgbẹ́ aṣàlátù lè ṣe nǹkan sí èyí láìná owó. Nígbà tí ẹ bá parí àdúà ní ọjọ́ ìpàdé yín, kí àwọn tí ó ní ọmọ ọwọ́ mú káàdì jáde, kí àwọn ìyá tí ó ti tọ́mọ rí jókòó tì wọ́n. Ẹ wò ó bóyá àmì ń gòkè. Ẹ wò ó bóyá ọmọ tí ó ti pé oṣù 9 ti gba abẹ́rẹ́ èèyi, kí ẹ sì rán ìyá rẹ̀ létí èkejì ní oṣù 15. Ẹ bi í léèrè bóyá ọmọ ń yíjú sí ìró, bóyá èyí tí ó ti kọjá oṣù 9 lè dá jókòó, bóyá ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ kò parẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá ń kọ yín lóminú, ẹ má fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì pè é ní àbíkú. Ẹ sin ìyá náà lọ sí ilé ìtọ́jú. Ẹni tí a bá sìn lọ kì í ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà.

Ẹ bi ìyá náà fúnra rẹ̀ léèrè bí ó ti ń ṣe. Obìnrin mìíràn a máa bímọ tán, ayọ̀ kò ní sí lọ́kàn rẹ̀, ẹkún ni yóò máa sun láìsí ìdí, oúnjẹ kò ní wọlé, ọmọ pàápàá kò ní wù ú gbé. Ẹ má sọ pé ìwàkiwà ni, ẹ má sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó sùn, ẹ bá a fọ aṣọ, ẹ sì mú un lọ rí àwọn oníṣègùn.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Nínú Súrátù Bákárà, Ọlọ́run fi ọdún 2 gbáko hàn fún ìyá tí ó bá fẹ́ kí ìfúnlọ́mú ọmọ rẹ̀ pé, ní ibẹ̀ kan náà ni Ó sì ti fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá náà sọ́rùn bàbá ọmọ. Oṣù 6 àkọ́kọ́ ni àwọn oníṣègùn ní kí a fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ, kí a sì máa fi oúnjẹ gidi kún un lẹ́yìn náà. Obìnrin tí kò jẹun yó, níbo ni yóò ti rí agbára fún gbogbo èyí? Owó ẹyin àti ẹja inú ilé, ẹ má jẹ́ kí ó di ohun tí aládùúgbò yóò fi ṣàánú yín. Ẹ̀yin náà, ẹ gba káàdì ọmọ yín wò ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ìlà rẹ̀ kò le kà.

Ọ̀nà Ìmẹ̀sí ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkè Kírìjí. Ṣùgbọ́n Ọ̀nà Ìlera tí ó ti ibẹ̀ jáde wà nínú ilé yín báyìí, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú orúkọ ọmọ yín lára rẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba dá àwọn ọmọ náà sí, kí Ó fi aláàánú yí àwọn ìyá wọn ká, kí ẹni tí ó ń wá ọmọ rí ọmọ gbé pọ̀n, kí ẹni tí ó sì ti sin ọmọ rí má sin òmíràn mọ́. Àmín.